Àdàkọ Fíìmù ní Ìkòròdú: Láti Ayé Kásẹ́ẹ̀tì Dé Orí Kọ̀ǹpútà Ilé

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn fíìmù Yorùbá, àwọn tó ṣe fíìmù ni wọ́n sábà máa ń kọ nípa wọn: ẹni tó kọ ìtàn inú rẹ̀, ẹni tó darí rẹ̀, àwọn tó ṣeré nínú rẹ̀, àti ẹni tó fi owó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó da fíìmù náà kọ kì í rí àyè nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n pè wọ́n ní olè nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ sì kọjá lọ. Síbẹ̀, ní ìlú bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí kò sí lára ibi tí àwọn ilé sinimá ńláńlá ti gbilẹ̀ ní Èkó, orí ẹ̀dà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù tí wọ́n mọ̀ títí dòní, ẹ̀dà náà sì lè jẹ́ èyí tí ọwọ́ àdúgbò ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àdàkọ ni kí ènìyàn gbé àwòrán àti ohùn tó wà lórí téèpù tàbí àwo kan sí orí òmíràn, láìjẹ́ pé ti àkọ́kọ́ parẹ́. Ohun méjì ni iṣẹ́ yìí ti ṣe láti bí ogójì ọdún, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ó sọ aṣefíìmù di onígbèsè, nítorí pé owó tó yẹ kó wọ àpò rẹ̀ bọ́ sí àpò ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan náà ni kò sì jẹ́ kí gbogbo fíìmù wọ̀nyẹn run, nítorí pé nígbà tí ojúlówó ti sọnù tàbí tí ó ti bàjẹ́, ẹ̀dà kan ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn ẹnì kan. Olè àti olùtọ́jú ń gbé inú ilé kan náà, nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ayé sinimá àtijọ́, kò sí bí ará ilé ṣe lè da ohunkóhun kọ. Fíìmù ìgbà náà jẹ́ ọ̀já gígùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kẹ́míkà fọ̀ kí àwòrán tó hàn lára rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover, ṣùgbọ́n ó di àwọn ọdún 1970 kí fíìmù tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́tùn-ún lósì. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí jáde ní 1976; Hubert Ògúndé, àgbà ọ̀jẹ̀ eré ìtàgé tó wá láti Ọ̀sọ́sà, gbé Aiyé jáde ní 1979, ó sì gbé Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ń gbé eré ìtàgé kiri ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù kiri. Ẹni tó ni fíìmù ni ó máa ń tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú, tòun ti ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára aṣọ funfun. Wọn yóò háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọn yóò fi ènìyàn sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì sanwó kò ní wọlé. Tí wọ́n bá ti fi í han tán, wọn yóò ká ọ̀já náà sínú agolo rẹ̀, wọn yóò sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀dà ọ̀já kan ṣoṣo náwó gọbọi, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Ọ̀wọ́n yìí ló dáàbò bo owó oní-fíìmù, òun náà ló sì fa á tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù ìgbà náà fi ṣòroó rí lónìí.

Ẹ̀rọ fídíò ló tú ètò yìí ká. Iléeṣẹ́ Sony ti Japan gbé Betamax jáde ní 1975, JVC sì gbé VHS tirẹ̀ jáde ní 1976. Méjèèjì jẹ́ ẹ̀rọ tí ó lè gba àwòrán sórí téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì tún lè fi í han lórí tẹlifíṣọ̀n. Àkókò yẹn ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údójì, èyíinì ni àfikún owó oṣù tí gbogbo ìlú ń fi ẹnu pọ́n lá, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun. Kò pẹ́ tí fídíò fi di ohun àmúyangàn nínú pálọ̀ ẹni tó bá rọ́wọ́ mú. Ẹni tí ọwọ́ ìyípadà yìí kọ́kọ́ bà gidigidi ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí ó bá Ọlá Balógun ṣe, jáde ní 1982, ṣùgbọ́n kí ó tó gbé e dé ibi tí owó rẹ̀ yóò ti padà wọlé, wọ́n ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè fíìmù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, kò sì fi iṣẹ́ ẹ̀rín sílẹ̀, ṣùgbọ́n títí tó fi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni àwọn ènìyàn fi ń sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀run Móoru bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìjàǹbá mọ́tò. Láti ìgbà Ọ̀run Móoru ni òṣèré Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kásẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ní tòótọ́, nítorí pé ìwà ẹ̀rọ ló pinnu bí òwò ṣe rí. Láti dọ́bù kásẹ́ẹ̀tì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè é, ẹ̀rọ fídíò méjì ni ènìyàn nílò àti wáyà tí ń bẹ láàárín wọn, tí ẹnu rẹ̀ kan yẹ́lò fún àwòrán, tí èyí tó kù sì wà fún ohùn. Ẹ̀rọ kan á máa ka kásẹ́ẹ̀tì, èkejì á máa gbà á sílẹ̀, fíìmù wákàtí méjì á sì gba wákàtí méjì gbáko, láìsí ọ̀nà àbùjá kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ogún ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà ní láti to ogún ẹ̀rọ tí ń gbà á sílẹ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó jókòó tì í fún ọjọ́ púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀dà tí a yọ láti ara ẹ̀dà máa ń burú ju èyí tí a yọ ọ́ láti ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò bá fi dé ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, àwọ̀ á ti ṣí, ojú òṣèré á ti di bàìbàì, ohùn á sì máa kùn bí oyin. Nípa bẹ́ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ń fi ìwọ̀n sí olè: ọjà ayédèrú kò lè dára tó ojúlówó láé, ojú lásán sì ti tó láti dá wọn mọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn fídíò klọ́ọ̀bù, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà fún òru kan tàbí méjì, ni irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ra ẹyọ kan, wọ́n á dọ́bù rẹ̀ sí mẹ́ta, kí ẹni mẹ́rin lè háyà rẹ̀ ní alẹ́ kan náà.

Nígbà tí owó fíìmù ọlọ́jàá wọ́n kọjá agbára, àwọn aṣefíìmù yíjú sí fídíò kan náà tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣèré Yorùbá ti ń fi kámẹ́rà fídíò lásán ṣe eré, tí wọ́n sì ń tà á fún ará ilé tààrà lórí kásẹ́ẹ̀tì. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tó ti ń fi owó sínú fídíò Yorùbá tẹ́lẹ̀, ni ó gbé Living in Bondage jáde ní èdè Igbo ní 1992, tí òwò náà fi gbòòrò dé ibi tó dé lónìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Tí Olúwa Nilẹ̀ jáde, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun sì ṣe òfin tó dá àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta fíìmù ní láti gbé e lọ fún àjọ náà kí wọ́n tó fún un níwèé. Àwọn tí wọ́n ń pè ní máàkẹ́tà, tí ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó jẹ́ ojúkò wọn, ló wá di alágbára nínú òwò yìí: wọ́n á san owó fún aṣefíìmù, wọ́n á tẹ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì pín in fún àwọn alájàpá tí ń gbé e wọ Ìkòròdú, Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti fíìmù nìkan ni ọ̀rọ̀ àdàkọ, ibí yìí sì ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbójú fò jù. Ayé òde-àríyá ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ènìyàn lè sanwó kí wọ́n bá a ṣe ẹ̀dà nǹkan. Bí wọ́n bá ṣòkú àgbà ní Ìkòròdú, tàbí tí wọ́n bá ń ṣe ọdún Kayokayo ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe dé ìlú náà ní ọdún 1851, onífídíò ti di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n máa ń pè bí wọ́n ṣe ń pe onílù àti alásè. Lẹ́yìn àríyá, ẹ̀gbọ́n á gba tirẹ̀, àbúrò á gba tirẹ̀, ẹni tí kò rí àyè wá láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston náà á fẹ́ rí ẹni tó wọ aṣọ ẹbí àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Ìṣòro kan sì wà nínú èyí. Ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní PAL ni Nàìjíríà àti Bìrìtìkó ń lò nígbà náà, èyí tó ní ìlà 625 nínú àwòrán kan àti àwòrán 25 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí tirẹ̀ jẹ́ ìlà 525 àti nǹkan bí àwòrán 30. Kásẹ́ẹ̀tì òkú bàbá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, èyí tó lọ sí Amẹ́ríkà á kàn máa yí gbirigbiri lójú tẹlifíṣọ̀n, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń yí i padà. Nípa bẹ́ẹ̀, àdàkọ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi orúkọ rẹ̀ kọ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà láìsí ìtìjú.

VCD ló gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Àwo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 ni, tí a fi ìmọ́lẹ̀ lésà kà, ọdún 1993 ni àwọn iléeṣẹ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí ìlànà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ní Éṣíà àti ní Nàìjíríà, ó gba ìlú kan, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń kà á, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, kò wọ́n. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun fi máa wọlé dáadáa, síídì lásán ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìṣẹ́jú 74 sí 80 ni àwo kan lè gbà, èyí sì wà lára ìdí tí wọ́n fi máa ń gé fíìmù Yorùbá sí Apá Kìíní àti Apá Kejì. Ìwọ̀n àwo lọ́wọ́ sí ohun tí àwọn aláròyé ń pè ní ìwọra máàkẹ́tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn máàkẹ́tà kò pẹ́ rí i pé ẹni tó bá ra apá kan kò ní ṣàì ra èkejì. VCD kò ní àgádágodo kankan lára. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó lè kọ síídì lè dà á kọ, ẹ̀dà náà kò sì ní yàtọ̀ sí ojúlówó rárá, nítorí pé nọ́ńbà ni àwòrán inú rẹ̀ jẹ́, ẹ̀dà nọ́ńbà kì í sì í ṣá. Ìwọ̀n tí kásẹ́ẹ̀tì fi sí olè pòórá lọ́jọ́ kan.

Láti mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ló tẹ àwo tàbí kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń yí wò. Àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bíi fàdákà, nítorí pé wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ àwọn ihò wínníwínní sára rẹ̀ ni, nígbà tí àwo òfìfo tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí nílé máa ń ní àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé, nítorí pé èròjà aró kan wà nínú rẹ̀ tí lésà ń jó kí ọ̀rọ̀ lè wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀nù ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, a ó sì padà dé orí rẹ̀, nítorí pé aró a máa ṣí.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọjà Òtìgbà ní Ìkẹjà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Computer Village, ti ń dàgbà láti òpin àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti ń wọ inú ilé àwọn òṣìṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú nígbà náà, àti àwọn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ohun tó mú kí ará ilé da síídì kọ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Àwo kò nípá. Ọmọdé á fi ṣeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, eruku á wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú á fá ẹ̀yìn rẹ̀, fíìmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há ní ibi kan náà, ẹnu òṣèré á là sílẹ̀ tí kò ní pa dé mọ́. Wọ́n á fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á fi ọṣẹ ìfọyín pa á lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti àárín wá sí etí, nítorí pé ìyẹn a máa mú ojú ibi tó fá jọ̀lọ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kì í dúró dé ìgbà náà. Bí ó bá ti ra fíìmù bíi Ṣaworoidẹ tàbí Ó Le Kú, ó ti da ọ̀kan kọ kó tó fún àwọn ọmọ, ojúlówó á sì wà nínú àpò rẹ̀.

DVD, tó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1996, mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ti àgádágodo kan tí wọ́n ń pè ní CSS mọ́ ọn lára, èyí tí ń lọ́ ọ̀rọ̀ inú àwo pọ̀ kí ẹ̀rọ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má lè kà á, wọ́n sì tún pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn: ẹkùn 1 ni Amẹ́ríkà, ẹkùn 2 ni Bìrìtìkó, ẹkùn 5 sì ni wọ́n fi Nàìjíríà sí. Àwo tí ìyá rà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó gidi ni wọ́n fi rà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ọmọ Norway kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, Jon Lech Johansen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan jáde tó ń ṣí àgádágodo CSS. Wọ́n gbé Johansen lọ sílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní 2003. Lẹ́yìn tí ètò yẹn jáde ni oríṣiríṣi ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ yìí tàn ká. DVD Decrypter á ṣí àwo náà, á sì kó gbogbo inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà; DVD Shrink á fún fíìmù tó tó gígábáìtì 8.5 mọ́ra kí ó lè wọ inú àwo òfìfo tí kò gbà ju 4.7 lọ, Nero, tí àwọn ará Jámánì ṣe, á sì kọ ọ́ sórí àwo náà. Lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí púpọ̀.

Iná ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí NẸ́PÀ, bí àwọn ènìyàn ṣe ń pe iléeṣẹ́ iná, bá mú iná lọ nígbà tí lésà ń kọ àwo lọ́wọ́, àwo náà ti kú nìyẹn, a kò sì lè tún un kọ, owó rẹ̀ ti wọgbó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é láìsí ìfòyà ní láti tan jẹnẹrétọ̀, kó sì fi owó epo kún owó àwo. Ohun tó jẹ́ ẹ̀gàn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ilẹ̀ Ìkòròdú gan-an ni ilé-iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin wà, létí ọ̀sà, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, tí iná rẹ̀ sì ń gba orí àwọn ará Ìkòròdú kọjá lọ síbòmíràn.

Nígbà tí ará ilé ń ṣe ẹyọ kan fún ara rẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọjà Àlàbà ní Ọ̀jọ́ ni orúkọ tó gbòde jù nínú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò olóòótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Àwo DVD tí wọ́n kó fíìmù ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí wà lára ọjà ìgbà náà. Wọ́n á fún gbogbo rẹ̀ mọ́ra títí àwòrán á fi máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra fíìmù kan ní iye tó lè fi ra ogún? Jenifa, tí Fúnkẹ́ Akíndélé tí wọ́n bí ní Ìkòròdú gbé jáde ní 2008, tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá dé òkè òkun, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di àṣà àwọn ọ̀dọ́. Kí ó tó gbé The Return of Jenifa jáde lórí àwo, ilé sinimá ló kọ́kọ́ gbé e lọ ní 2011. Ìyẹn fi hàn pé àwọn oní-fíìmù ti ń padà sí ọgbọ́n Ògúndé: ẹni tí kò bá sanwó lẹ́nu ọ̀nà kò ní wọlé.

Òfin náà kò dákẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, èyí tó ní ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló láṣẹ lórí ẹ̀dà rẹ̀, ti wà ní Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọ́n tún un ṣe ní 1970, wọ́n sì tún un ṣe ní 1988, lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá àjọ tí ń bójú tó o sílẹ̀. Ní 2005 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò ogun tuntun lòdì sí àwọn ajífíìmù-tà, ní 2006 ni ìlànà tó mú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo wá sábẹ́ ìṣọ́ jáde. Òfin 1988 yìí gbà kí ènìyàn lo iṣẹ́ ẹlòmíràn fún ara rẹ̀ ní ìwọ̀nba tó bójú mu, òfin ọdún 2022 tó rọ́pò rẹ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ṣíṣí àgádágodo tí oníṣẹ́ ti mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lára jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni òfin ti ń fì síwá sẹ́yìn lórí èyí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ará ilé tó ń fi Betamax gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láre ní 1984, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ mìíràn níbẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ 321 Studios má ta ètò tí ń da DVD kọ mọ́. Bìrìtìkó gbà ní 2014 pé ẹni tó ra àwo lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ara rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé e ní 2015. Nínú gbogbo èyí, èyí tó bọ́gbọ́n mu jù ni ọgbọ́n òfin 1988 ti Nàìjíríà, tó wo ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀dà ṣe ju ọ̀nà tó gbà ṣe é lọ.

Lẹ́yìn ọdún 2010, síídì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń da àwo kọ di ibi tí wọ́n ti ń kó fíìmù sínú fláàṣì àti mẹ́mọ́rì fóònù, lẹ́yìn náà ni YouTube gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé aṣefíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé fíìmù rẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, tí owó ìpolówó sì ń wọlé fún un. Irú àdàkọ mìíràn tilẹ̀ jáde ní Ìkòròdú tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ikorodu Bois ń fi ìkòkò, bárò àti pàǹtírí ilé ṣe àfarawé fídíò ìpolówó fíìmù òyìnbó. Nígbà tí wọ́n ṣe ti Extraction ní 2020, àwọn tó ni fíìmù náà yìn wọ́n, Netflix sì fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn. Ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ń fi àgádágodo sára DVD láyé àná ni ẹ̀bùn ti wá fún adàkọ.

Ohun tó kù ni ti àwo tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí kò ní ihò àwo mọ́, ẹ̀rọ VHS tó ń ṣiṣẹ́ ṣòroó rí, aró àwo tí wọ́n kọ nílé ń ṣí, téèpù kásẹ́ẹ̀tì sì ń hu nínú ooru. Ilé ìṣúra fíìmù ìjọba wà ní Jos, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fíìmù Shaihu Umar ti 1976 tí àwọn ènìyàn ti rò pé ó ti sọnù, tí wọ́n fi tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ará Berlin. Ṣùgbọ́n fíìmù ọlọ́jàá ni ìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré Yorùbá tó jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ní 1990 sí 2010 kò ní ilé ìṣúra kan bí kò ṣe pálọ̀ àwọn tó rà wọ́n. Ẹni tó bá ní irú wọn ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tòun ti fídíò àríyá ìdílé rẹ̀, kí ó wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ tí ń kà á, kí wọ́n dà á sórí kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣì ṣeé kà. Bí ó bá sì jẹ́ fíìmù tí ẹni tó ṣe é ṣì wà láàyè, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí òun náà má ní in lọ́wọ́ mọ́.